Owó Arúgbó, Ọ̀nà Oko àti Ìwé Orúkọ: Ìlànà Ìjọba àti Ìṣẹ́ ní Èkìtì

Nínú àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Èkìtì ni ìṣẹ́ ti wọlé ènìyàn jù ní 2019. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ṣe lórí ìgbé ayé ará ìlú láàárín 2018 sí 2019 fi ààlà ìṣẹ́ sí ₦137,430 lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò ju nǹkan bí ₦377 lọ lójúmọ́. Ìdá 28.04 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Èkìtì ni kò rí tó bẹ́ẹ̀ ná. Ní Òǹdó, ìdá 12.52 ni; ní Ọ̀yọ́, 9.83, ní Ọ̀ṣun, 8.52, ní Èkó, 4.50. Ti Nàìjíríà lápapọ̀ jẹ́ 40.1, nítorí náà Èkìtì ṣì sàn ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde láti ara Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, òun ló gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe ètò. Ó ti tó nǹkan bí 70 ọdún tí ètò ti ń wọlé tí ètò sì ń jáde ní Èkìtì. Ohun tó yẹ ní yíyẹ̀ wò ni ìdí tí díẹ̀ nínú wọn fi dé ọ̀dọ̀ tálákà, tí ọ̀pọ̀ fi kú sọ́nà, àti ìdí tí èyí tó dé ọ̀hún pàápàá kì í fi í pẹ́.

Ètò tó kọ́kọ́ yí ayé ará Èkìtì padà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1955. Christ's School ti wà ní Adó láti 1933, ìfẹ́ ìwé sì ti wà nílẹ̀ kí ìjọba tó dé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló jẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní igi kòkó kan ṣoṣo rí àyè jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ ẹni tó ní in. Kò sí àríyànjiyàn pé ìwé gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tún gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀ tó bí i. Ẹni tó yege nílé ẹ̀kọ́ wá iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, lẹ́yìn náà Àbújá, lẹ́yìn náà Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé ń gbé àbúrò lọ sílé ìwé, ó ń ra oògùn fún ìyá, ó sì ń kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí àfi nígbà ọdún Kérésì. Oko tí bàbá fi rán an níwèé kò rí nǹkan kan gbà padà. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fi lè jẹ́ ibi tí ìṣẹ́ pọ̀ sí: ẹni tí ìwé sọ dènìyàn ti lọ, ẹni tó kù nílé ni àwọn aṣèwádìí bá kà.

Ìṣẹ́ ìlú Adó àti ìṣẹ́ abúlé kì í ṣe irú kan náà. Láti 1 Oṣù Kẹwàá 1996 tí wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó ni Adó ti di ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó tó ń wá láti Àbújá lóṣooṣù ló ń di owó oṣù. Owó oṣù ló ń di owó ọjà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta gàárì, ẹja àti aṣọ ní Ọjà Ọba, owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kadà ní Ìjìgbò àti Òkèṣà, àti owó ilé lọ́wọ́ onílé ní Básìrì. Nígbà tí epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé láti 2014, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, tí Èkìtì sì wà lára wọn, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí jẹ nínú ìyà náà. Aláta tà á láwìn fún tíṣà; tíṣà kò rówó san; aláta kò rówó kó lé àgbẹ̀ tó gbé ata wá láti Ìgèdè lọ́wọ́; àgbẹ̀ kò rówó gba lébìrà tí yóò bá a ro oko. Sísan owó oṣù lásìkò, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn tó ti fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ń dúró dè, jẹ́ ètò ìgbógunti ìṣẹ́ gan-an, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 ní Oṣù Keje 2024, ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Kò kan ẹni tí kò ní ọ̀gá, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù ní Èkìtì.

Ìgbìyànjú ńlá àkọ́kọ́ láti mú ètò dé oko ni ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ láti 1959 nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Abúlé àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n wò ṣe é, Òrin-Èkìtì sì wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé ìwé ni wọ́n ń wá. Ilé, ilẹ̀ àti irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń fà á mọ́ra. Owó tó ń lọ sórí ọ̀dọ́ kan pọ̀ débi pé kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wá kò sì dúró. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, tó ti ń kọ ebè láti kékeré, kò rí ohunkóhun jẹ nínú rẹ̀. Ètò ọ̀gbìn Èkìtì-Àkókó tí ìjọba yáwó Báńkì Àgbáyé ṣe ní àwọn ọdún 1980, tó fi Ìkọ̀lé ṣe ibùjókòó, gba ọ̀nà mìíràn: ó la ọ̀nà oko, ó pín irúgbìn tuntun, ó rán olùkọ́ àgbẹ̀ lọ bá àgbẹ̀ nínú oko tó ti ń dá. Èyí bọ́gbọ́n mu ju ti ìṣáájú lọ. Orí owó ẹ̀yáwó ló jókòó lé, bí owó náà sì ti ń tán ni ẹsẹ̀ olùkọ́ àgbẹ̀ ń dín lóko.

Àwọn ètò ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn náà: DFRRI fún ọ̀nà àti oúnjẹ ìgbèríko ní 1986, People's Bank fún ẹ̀yáwó tálákà ní 1989, NAPEP fún ìmúkúrò ìṣẹ́ ní 2001, NSIP ní 2016, tí N-Power fún ọ̀dọ́, TraderMoni fún ọlọ́jà àti oúnjẹ ọmọ ilé ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba tó bá dé á pa ti ẹni tó kúrò tì, á sì fún tirẹ̀ lórúkọ tuntun. Ohun tó ṣẹ́kù lára NAPEP lẹ́nu ará Adó ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ètò tó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí ni owó arúgbó. Ní Oṣù Kẹwàá 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tí kò sì gba owó ìfẹ̀yìntì níbì kankan. Nígbà tí ó gbòòrò tán, nǹkan bí 25,000 arúgbó ló ń gbà á. Lójú ẹni tó ń gbé Èkó, ₦5,000 lè dà bí owó tí a ń fún ọmọ. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ lọ́dún yẹn jẹ́ ₦18,000. Arúgbó tó ń gba ₦5,000 ń gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó òṣìṣẹ́ lọ, kò sì gbé ọkọ́.

Kò rọrùn láti mọ ẹni tó tọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1946 kò ní ìwé ọjọ́ìbí. Ogun Hitler ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí: ṣé o ti ń rìn nígbà ogun náà, àbí ìyá rẹ ṣì pọ̀n ọ́, ta ni ọba ìlú nígbà tí wọ́n bí ọ, ta ni ẹ jọ ṣe ẹgbẹ́, ọdún mélòó ni àkọ́bí rẹ? Ìdáhùn kan kì í tó. Àfi kí a fi èkejì gbe èkíní lẹ́sẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò sì jẹ́rìí sí i. Irú iṣẹ́ yìí gba sùúrù, ó sì ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè ìlú náà, nítorí arúgbó tó ń sọ Èkìtì ponbele kì í tú ọkàn rẹ̀ jáde fún ẹni tó ń béèrè pẹ̀lú ẹnu òyìnbó.

Ibi tí owó náà lọ kò ṣòro láti tọpa. Ìyá arúgbó tó bá gba ₦5,000 kì í gbé e lọ sí báńkì. Ó san gbèsè elépo, ó ra oògùn ìfúnpá, ó ra iṣu díẹ̀ àti ẹja gbígbẹ, ó fún ọmọ-ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní owó ìwé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ìjọba ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà abúlé kan náà. Ohun mìíràn wà tí a kì í rí nínú ìwé ìṣirò: àgbàlagbà tó ń dúró de ohun tí ọmọ yóò fi ránṣẹ́ láti Èkó di ẹni tí ọmọ-ọmọ ń sá tọ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, àwọn àgbà ní ìṣẹ́ bùṣe, owó náà sì mú ebi kúrò fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á. Èkìtì kọ́ ló dá irú èyí sílẹ̀ láyé. Gúúsù Áfíríkà ti ní òfin owó arúgbó láti 1928, Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìdílé tálákà lówó ní 1997, Gánà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tó ń jẹ́ LEAP ní 2008. Ó jọni lójú pé ìpínlẹ̀ kékeré tí kò ní epo rọ̀bì dá a ṣe.

25,000 ènìyàn lọ́nà ₦5,000 jẹ́ ₦125 mílíọ̀nù lóṣù, bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà lọ́dún. Owó tó ṣeé rí ni nígbà tí owó epo ń wọlé dáadáa. Ní 21 Oṣù Kẹfà 2014, ìdìbò gómìnà wáyé. Gómìnà tó dá owó arúgbó sílẹ̀ pàdánù ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ìdìbò yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ amáyédẹrùn ikùn di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ, nítorí ìrẹsì tí wọ́n pín. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ará Èkìtì ta ìwé fún ìrẹsì. Wọn kò rò ó dáadáa. Ẹni tí ebi ń pa kò ṣe àìmọ̀ kankan bó bá gba oúnjẹ. Bí àwọn tí ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn sì ti pọ̀ tó, wọn kò ní ìdí láti fi ìbò gbè é lẹ́yìn. Ìdìbò náà tún já irọ́ àwọn tó ń sọ pé owó tí ìjọba ń san fún tálákà kò ju owó ìbò lọ: bó bá jẹ́ owó ìbò ni, ẹni tó san án ìbá wọlé.

Nígbà tí ìjọba yí padà ní Oṣù Kẹwàá 2014, owó arúgbó dáwọ́ dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀bùn àti ẹ̀tọ́ fara hàn níbẹ̀. Ìrẹsì tí olóṣèlú pín àti owó tí gómìnà san lóṣooṣù kò jọra nínú ìwúlò, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá lè dúró nítorí pé ẹni tó ń ṣe é ti kúrò nípò, arúgbó tó ń gbà á kò ní ohun tó lè dì mú. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà lè pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tó lè kéde pé kò sí i mọ́, nítorí òfin orílẹ̀-èdè ló gbé e ró. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ni owó arúgbó ń fẹ́: kí ó wà lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ní ìpilẹ̀ kí a tó pín owó ìpínlẹ̀ fún ohunkóhun mìíràn, kí iye rẹ̀ sì máa tẹ̀ lé owó ọjà. Ní 2011, dọ́là kan kò ju ₦160 lọ. Ní 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó bá san ₦5,000 lónìí, tó sì sọ pé òun ń ṣe ètò kan náà, kò ṣe é.

Ọ̀ràn orúkọ ni ó tẹ̀ lé e. Láti nǹkan bí 2016 ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ ti ń ṣe ìwé orúkọ àwọn tálákà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dára lórí ìwé: wọ́n á pe abúlé jọ, wọ́n á jẹ́ kí ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á sì ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dárúkọ àwọn tí ìyà ń jẹ jù láàárín wọn. Jíjókòó lọ́tọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Níwájú àwọn baálẹ̀ àti ọkọ wọn, obìnrin kì í sọ pé ìyàwó kékeré ilé báyìí kò rí jẹ lánàá. Láàárín ara wọn, wọ́n á sọ ọ́. Orúkọ tó bá fara hàn lẹ́nu ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni orúkọ tó ṣeé gbọ́kàn lé. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọ̀pọ̀ ará Èkìtì ni kò gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìpàdé náà, àwọn míì sì gbà pé orúkọ tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fọwọ́ sí nìkan ló ń wọlé. Bí ìwé náà kò bá hàn lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹni tó fẹ́ tako orúkọ kan lè tako ó, ìfura yẹn kò ní tán, bí ìwé náà tilẹ̀ mọ́.

Owó tí a ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́ wà fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ ń fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pa owó, ibẹ̀ sì ni ètò ìjọba ti tínrín jù. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, lè fi èyí hàn. Òórùn rẹ̀ àti adùn rẹ̀ ti gbajúmọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lu ú. Àwọn obìnrin a rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n a bọ̀ ọ́ nínú àgbá, wọ́n a sá a sórí tapólì tàbí etí títì, wọ́n a sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Níbi tí wọ́n ti lu ú àti ibi tí wọ́n ti sá a ni òkúta wẹ́wẹ́ ti ń wọ inú rẹ̀, òkúta yìí kan náà ni oníbàárà Adó ń tìtorí rẹ̀ ra ìrẹsì òkèèrè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ní Oṣù Kẹjọ 2019, ìrẹsì ilẹ̀ wa rí ọjà, ṣùgbọ́n títi ẹnubodè kò yọ òkúta kankan. Ìpàkà tó ní sìmẹ́ńtì, ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ní i gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ì bá ṣe é. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń ná láti ṣí ètò tuntun.

Ọ̀nà oko ni èkejì. Ní àsìkò òjò, ọkọ̀ kì í lè wọ ọ̀pọ̀ oko tó yí Àrámọ̀kọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n ká. Ọ̀kadà ló ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan jáde, iye tó sì ń gbà á ń jẹ èrè àgbẹ̀ kí alárobọ̀ tó dé. Ọ̀nà ńlá tó so Adó mọ́ Àkúrẹ́ ni àwọn olóṣèlú máa ń jà lé lórí, ó sì yẹ kí wọ́n jà fún un, ṣùgbọ́n ẹrù ti pàdánù owó kó tó dé títì. Ẹ wo kòkó. Láti ìgbà tí wọ́n ti fòpin sí àjọ tó ń ra kòkó ní 1986, àgbẹ̀ Nàìjíríà ń rí iye ọjà àgbáyé gbà ju àgbẹ̀ Gánà lọ, nítorí náà nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 ní 2024, ayọ̀ wọ Èkìtì. Àmọ́ igi tí bàbá-bàbá gbìn ti gbó, èso rẹ̀ kéré. Obìnrin tó ń ṣa kòkó lórí ilẹ̀ ọkọ kò ní ìwé ilẹ̀ kankan lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ 1978 tó lè mú lọ sí báńkì. Àjọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni báńkì rẹ̀. Ìlànà tó bá fi ìwé tí kò náni púpọ̀ fún ilẹ̀ ẹbí, tó sì kọ orúkọ ìyàwó mọ́ ti ọkọ, yóò ṣe ju owó ìyáni tí a ń fi fọ́tò kéde lọ.

Àìsàn ni ó ń dá ẹni tó ti ń gòkè padà sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ni aláìsàn ń yọ lápò ara rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kan lè kó ẹran ọ̀sìn, ẹ̀rọ ìránṣọ àti owó àjọ ìdílé kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òfin Ìlera 2014 ní kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ lọ sí ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, Èkìtì sì ń lo ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n pè ní Ulerawa láti kó aboyún, ọmọdé àti arúgbó sábẹ́ rẹ̀. Bí ìwé orúkọ tálákà àti ìwé orúkọ Ulerawa bá di ìwé kan náà, ìyá tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

29 Oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ epo mú gbogbo èyí le sí i. Lítà epo tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ oko gòkè, oúnjẹ gòkè. Ìtura tí wọ́n ṣèlérí, ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, yẹ kó dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 15 ìdílé láti inú ìwé orúkọ kan náà tí àwọn ènìyàn ń fura sí. Ní Oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n dá ètò náà dúró láti ṣèwádìí. Owó ìrànwọ́ epo ń jẹ orílẹ̀-èdè run, ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta sì ló ń jẹ ẹ́ jù. Ohun tí kò dára ni pé wọ́n yọ ọ́ kí ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ọ̀dọ̀ tálákà tó wà nílẹ̀.

Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ọ̀nà oko, ọjà, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti kíkọ orúkọ ará àdúgbò jẹ́ iṣẹ́ tó wà nítòsí ìjọba ìbílẹ̀ ju gbogbo ìjọba yòókù lọ. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn Èkìtì, Adó, Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, Èkìtì West, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n, lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó wọn ká: kí wọ́n lẹ ìwé orúkọ mọ́ ògiri ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún un kọ ní ọdún méjì-méjì, kí wọ́n da òkúta sójú ọ̀nà oko ṣáájú òjò, kí wọ́n sì gbé owó arúgbó sínú òfin ìnáwó wọn ṣáájú owó ọkọ̀ àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀.